Bóòtù Tí Ọládélé Fi Ìbínú Dè

Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o mọ ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò lè bá wí? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ọládélé, mẹkáníìkì kan ní Mowe. Ó mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọṣẹ́. Bí o bá ní kó rọra, á bi ọ́ pé, "Ṣé ìwọ lo kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Ìníolúwa, tó ń kó ìrẹsì láti Ọ̀fàdà lọ sí ọjà Ifọ̀, gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Bíréèkì iwájú ló fẹ́ pààrọ̀. Oòrùn mú ganrínganrín. Bóòtù kan kọ̀, kò wọlé. Ọládélé yọ ọ́, ó tún tì í padà, ó tún kọ̀. Òógùn ń ro sí i lójú, inú ń bí i bí ẹni pé bóòtù ọ̀hún bú u.

Adéṣọlá, wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, rí i.

"Bọ̀ọ̀dá Délé, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán yí i wọlé. Ẹ wá fi sípánà mi tó ń ka bó ṣe le tó dè é."

"Gbé sípánà ẹ lọ́hùn-ún! Ọwọ́ mi ni mo fi ń mọ̀ ọ́n."

Ó fi gbogbo agbára dè é. Lójijì, bóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í yí lófo: eyín rẹ̀ ti jẹ. Ọládélé mọ̀ pé ó yẹ kí òun tú u, kí òun wá òmíràn. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti sú u. Ó fi táyà bò ó mọ́lẹ̀. "Màmá, ó ti dáa. Ẹ máa lọ."

Kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi pè é. Bíréèkì ti kọ̀ lẹ́bàá Ọ̀fàdà, píkọ́ọ̀pù ti já sí gọ́tà.

Nígbà tó dé ọsibítù, apá obìnrin náà ti kán. Ohun tó ń sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ ló wá dun Ọládélé jù: "Ẹ má bá Délé wí o. Kì í ṣiṣẹ́ játijàti. Ayédèrú ọjà ni wọ́n tà fún un."

Ọládélé kí i, ó jáde láìsọ òótọ́. Ó bínú sí bóòtù, ó bínú sí oòrùn, títí tí kò fi rí ẹlòmíràn bínú sí mọ́ àfi ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá Adéṣọlá. "Mo mọ̀ pé bóòtù yẹn kò dáa. Mo purọ́ fún màmá yẹn."

Adéṣọlá kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe àná ló bẹ̀rẹ̀. Ìgbéraga ti ń darí yín tipẹ́, ẹ ò sì lè fi agbára yín lé e jáde. Torí ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an ni Jésù ṣe kú. Ẹ jẹ́wọ́ fún un."

Ọládélé kúnlẹ̀ láàárín irin. "Jésù, apá mi ò ká ara mi mọ́. Gbà mí!"

Àlàáfíà wọ inú ọkàn rẹ̀. Ó padà sí ọsibítù lọ́jọ́ náà, ó sì sọ òótọ́. Obìnrin náà tọ́ka sí ilẹ̀kùn. "Jáde," ló sọ. Mẹkáníìkì mìíràn ní Ifọ̀ ló ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe báyìí. Ó dun Ọládélé gan-an. Síbẹ̀, àlàáfíà tí Jésù fún un kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ìwọ tó ń kà á ńkọ́? Ta ló ń pè ọ́ ní ẹni rere, tí Ọlọ́run sì mọ òótọ́ ọ̀rọ̀? Má sọ pé ó di ọ̀la; ta ló ṣe onídùúró ọ̀la fún ọ? Níbi tí o wà yẹn, pe orúkọ Jésù. Sọ ọ́ fún un bó ṣe rí gan-an. Kò ní lé ọ padà. Ṣe é lónìí.