Pinrong àti Ìdánwò Ìlúwẹ̀ẹ́

Ọjọ́ tí Shaoqi kọ́kọ́ fojú kan Pinrong, ńṣe ni ọmọge náà dì mọ́ etí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ yunifásítì wọn ní ìlú Hsinchu, fìlà rọ́bà pupa lórí, ojú le koko. Ó rẹwà débi pé Shaoqi gbàgbé ohun tó bá wá.

"Ṣé ò ń lúwẹ̀ẹ́ ni, àbí ò ń di ògiri mú kó má wó?"

"Ọ̀gbẹ́ni, gba ibòmíì lọ jọ̀ọ́."

Gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni Pinrong ti ṣe tán, ìṣirò ni o, iná mànàmáná ni o. Ìlúwẹ̀ẹ́ ló kù. Bí kò bá lúwẹ̀ẹ́ gba adágún yẹn já, kò ní rí ìwé ẹ̀rí gbà, iṣẹ́ gidi tó ń dúró dè é á sì bọ́. Ẹ gbà mí o! Kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ ṣe nínú omi?

Shaoqi ní tiẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ó mọ omi bí ẹja, àmọ́ ẹ̀kọ́ iná ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì.

"Kọ́ mi ní iná, kí n kọ́ ẹ ní omi," ó bẹ̀ ẹ́.

Pinrong mu omi yó, Shaoqi jó ìka ara rẹ̀. Nígbà tí Shaoqi yege nínú ẹ̀kọ́ iná tán, kò yéé wá sí etí adágún. Ìfẹ́ ti mú un gan-an.

Àfi bí wọ́n ṣe fi ìdánwò ìlúwẹ̀ẹ́ ìkẹyìn sí oṣù keje, oṣù tí wọ́n gbà níbẹ̀ pé àwọn òkú máa ń jáde rìn kiri láti wá oúnjẹ. Màmá Pinrong figbe ta.

"Kí àwọn òkú fa ọmọ mi lẹ́sẹ̀ wọnú omi? Láéláé!"

Shaoqi gbé èso lọ bá wọn nílé. "Mà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ẹ gbé oúnjẹ àwọn òkú náà dání. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, ṣé ó máa ráyè fa ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni?"

Màmá gba èso náà. "Ọmọ yìí gbọ́n díẹ̀."

Lọ́jọ́ náà, Màmá to bisikíìtì àti ọsàn sí etí adágún, ó tan tùràrí. Olùkọ́ tó ń ṣe ìdánwò ń kùn, Màmá tún tan òmíràn. Nígbà tí Pinrong dé àárín, apá rẹ̀ kọṣẹ́, orí rẹ̀ rì.

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀!" Màmá pariwo. "Oúnjẹ yín rèé, ẹ máa bọ̀!"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa Pinrong nínú omi, àmọ́ ó ta pọ́ún, ó ń fẹsẹ̀ gbá omi títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan òdìkejì.

Ó jáde, ó di ọwọ́ Shaoqi mú. "Màámi, ẹni tí mo máa fẹ́ nìyí."

"Pa ẹnu ẹ dé!" Màmá wò yí ká. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lóṣù keje, tí àwọn òkú ń gbọ́?"

Ọkàn Shaoqi rẹ̀wẹ̀sì. Kò gbúròó wọn mọ́ títí oṣù fi parí.

Ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, fóònù rẹ̀ dún. Màmá ni.

"Oṣù ti yí o. Àwọn òbí rẹ dà? Àbí èmi ni màá wá tọrọ ọkọ ni?"