Ohùn Ìyá Ràfíátù Tó Di Ariwo

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí jàre, ẹ gbọ́ mi dáadáa, torí ìtàn yìí dùn ju wáákyè, ìrẹsì àtẹ̀wà ẹlẹ́yin, lọ!

Ọjọ́ tí Ràfíátù kọ́kọ́ rí Àkíbù ní ọjà Odawna, ńṣe ló ń fẹ́ eruku kúrò nínú fóònù kan tó ń tún ṣe. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wú bíi ti afunfèrè, eruku ti sọ irùngbọ̀n ẹ̀ di funfun báláú. Ẹ̀rín pa Ràfíátù.

"Ẹ̀gbọ́n, fóònù lẹ̀ ń tún ṣe ni, àbí iná lẹ̀ ń fẹ́?"

"Iná ni o, àbúrò. Àtìgbà tó o ti dúró síbẹ̀ yẹn lara mi ti ń gbóná."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Kò pẹ́, wọ́n ti jọ ń wọ ọkọ̀ tòrótòró lọ sílé lójoojúmọ́.

Ìyá Ràfíátù ti kú, fóònù ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Ràfíátù. Ohùn ìyá náà wà nínú ẹ̀, ẹyọ kan péré, fóònù ọ̀hún sì ti ń kú lọ. Àkíbù ní òun á fi ètò kan tóun fọwọ́ ara òun kọ kó ohùn náà sórí kọ̀ǹpútà. Ó gba fóònù lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Àkíbù wá bá a ní ọjà Kantamanto níbi tí Ràfíátù ti ń tún aṣọ òkìrìkà ṣe. Ojú Àkíbù ti pọ́n.

"Ràfíà mi, fóònù ti kú. Ohùn tí mo kó, ariwo lásán ni. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"O ba kí ni jẹ́?"

"Lẹ́tà ni ètò mi máa ń kó. Níbi tí ìlà kan bá ti parí nínú lẹ́tà, àmì kan wà níbẹ̀. Ètò mi á fi àmì kan sí i kún un, torí bí kọ̀ǹpútà mi ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Kì í pa lẹ́tà lára. Àmọ́ ohùn ò ní ìlà o! Mo gbàgbé láti sọ fún un pé ohùn lèyí, kó má fọwọ́ kàn án. Ibi gbogbo tó ti rí ohun tó jọ àmì yẹn, ó ki tiẹ̀ bọ̀ ọ́."

Bàbá Ràfíátù, Àlájì Mísbáù, gbọ́. "Ẹni tó pa ohùn ìyàwó mi lo fẹ́ fẹ́? Kí n má rí i níbí mọ́!"

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ràfíátù fi sunkún. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó jókòó ń tú òwú tí ẹnì kan ti rán wúruwùru sára búláòsì kan. Ó kàn dúró ni. Ó pe Àkíbù.

"Ètò ẹ yẹn, ṣé ó yọ nǹkankan kúrò nínú ohùn màámi?"

"Rárá. Ó kàn fi kún un ni."

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, kí là ń sunkún fún nígbà náà? Tí wọn ò bá ti gé aṣọ, aṣọ wà. Tú èyí tó o rán mọ́ ọn!"

Àkíbù pariwo. Ó sá lọ kọ ètò mìíràn, ó yọ gbogbo àmì tó lé níkọ̀ọ̀kan. Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé Àlájì. Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn ìyá Ràfíátù sì jáde.

"Ràfíà, ṣé o ti jẹun? Má jẹ ẹja yẹn tán o, bàbá ẹ ò tíì dé."

Àlájì fọwọ́ bojú. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Alihamudulilahi! Wo bó ṣe máa ń ṣìkẹ́ mi." Ó wá wo Àkíbù. "Ọmọ mi, o lè purọ́ pé fóònù ló bà á jẹ́, ǹ bá sì gbà ẹ́ gbọ́. Àmọ́ òótọ́ lo sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Sọ fáwọn èèyàn ẹ kí wọ́n máa bọ̀ ní Jímọ̀ọ́."

Wọ́n ti so yìgì wọn báyìí o, Ọlọ́run ṣeun!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ká ní ẹ̀yin ni Àkíbù, fóònù ti kú, ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ láéláé, ṣé ẹ̀ bá jẹ́wọ́ fólólùfẹ́ yín?