Òjìji Òòyà

Òfìfo ni àpótí náà. Ìyá tún gbé e, ó gbọ̀n ọ́n, bí ẹni pé àwòrán lè há sí igun. Gbogbo àwòrán tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi sílẹ̀ kó tó kú ti pòórá. Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sẹ́ni tó wọ yàrá ọmọ náà ju Ọ̀gá Aláwọ̀ lọ, onífọ́tò tó kọ́ ọmọ náà níṣẹ́, tó wá bá ìyá kẹ́dùn.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ìyá ké sí lépa rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Onífọ́tò náà ti palẹ̀ mọ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dé ilé rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé lọkùnrin náà gbà sá, tíì ṣì ń gbóná lórí tábìlì. Níkẹyìn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti ìyá bá a ní gbọ̀ngàn àfihàn kan, ó ń rẹ́rìn-ín sáwọn olówó. Àwọ̀ pupa, búlúù àti òféefèé ń ṣàn lára ògiri. Orúkọ rẹ̀ ló wà lábẹ́ gbogbo àwòrán náà.

"Ẹsẹ̀ rẹ yá o. Ta ló ya ìwọ̀nyí?" ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi í.

"Èmi ni."

"Kí lèyí?" Ó nawọ́ sí ọ̀kan nínú wọn.

"Òjò lórí òkun, ọ̀gá. Kì í ṣe gbogbo ojú ló ń rí i."

"Kí lo fi yà á?"

"Kámẹ́rà ọrùn mi yìí."

Ìyá bọ́ síwájú. "Ọmọ mi kì í lo kámẹ́rà fún irú èyí. Inú òkùnkùn ló ti ń to nǹkan sórí bébà fọ́tò, á tan iná aláwọ̀ sí i, òjìji nǹkan náà á sì mú síbẹ̀. Òjìji náà kò ní tóbi ju nǹkan náà lọ, kò sì ní kéré sí i."

"Mama, ẹ lọ sinmi. Ọ̀fọ̀ ti da orí yín rú," ni Ọ̀gá Aláwọ̀ wí.

Ìyá ṣí báàgì rẹ̀. Ó yọ òòyà kan jáde, eyín rẹ̀ méjì ti kán. Òun ló fi ń ya irun ọmọ náà lórí ibùsùn àìsàn, títí irun fi tán. Ó gbé e lé àwòrán tí ọkùnrin náà pè ní òjò. Eyín bá eyín mu, àlàfo bá àlàfo mu.

"Òjò wo ló ní eyín?" ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi í.

Ọ̀gá Aláwọ̀ wo ilẹ̀kùn. Ọlọ́pàá ti dúró síbẹ̀.

"Mo kó wọn nígbà tí Mama lọ bu omi wá fún mi mu," ló wí bí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. "Èmi gan-an ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó kàn jọ òjò lójú mi ni."

Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà. Ìyá gbé àwòrán òòyà náà kọ́ sókè ibùsùn ọmọ rẹ̀, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ló rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ká láàárín eyín méjì nínú àwòrán náà. Ó sún mọ́ ọn.

Irun ọmọ rẹ̀ ni.