Wàrà Àkọ́kọ́ Tí Dúrótoyè Fi Dù Wọ́n

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, Dúrótoyè wà lẹ́nu iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ oníke kan ní Sango. Ìmísíolúwa, ọmọbìnrin rẹ̀, ló pè é lórí fóònù.

"Dádì, ẹlẹ́dẹ̀ wa ti bí o."

"Olúwa ṣeun! Mélòó?"

"Méjì péré ni, sà."

Ọkàn Dúrótoyè rẹ̀wẹ̀sì. Báyìí ni gbogbo àwọn ọ̀dọ́ abo ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ní Ilo-Awela ṣe ń ṣe. Akọ gun àwọn kan títí, wọn kò lóyún; èyí tó lóyún kò bí nǹkan kan gidi. Bẹ́ẹ̀ wọ́n sanra, ara wọn ń dán. Ìyá wọn arúgbó sì ń bímọ rẹpẹtẹ fún akọ kan náà. Olúwafúnmiláyọ̀, aya rẹ̀ olóògbé, ló fi ọ̀sìn yìí sílẹ̀. Bí ó bá parun, kí ló tún kù tí ọwọ́ obìnrin náà ti kàn?

"Ọ̀ràn yìí kì í ṣojú lásán," ni ó ń sọ títí ó fi délé. Ó sì ti mọ ẹni tí ó ń fura sí: Àṣàbí, àbúrò olóògbé. Lẹ́yìn ìsìnkú, Àṣàbí tọrọ abo kan nínú ẹlẹ́dẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dúrótoyè kọ̀. Láti ìgbà náà ni Dúrótoyè ti ń bá a lẹ́bàá ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù dúdú lọ́wọ́. Ó tún bá a níbẹ̀ lónìí.

"Kí lò ń jù sí wọn?"

"Ìtàkùn ọ̀dùnkún ni, Bùrọ̀dá. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń fún wọn."

"Jẹ ẹ́ kí n rí i."

"Kí n jẹ ẹ́? Ṣé mo jọ ẹlẹ́dẹ̀ lójú yín ni?"

"Ẹni tí kò lè jẹ ẹ́ mọ ohun tó fi sí i. Má fẹsẹ̀ tẹ àgbàlá yìí mọ́!"

Àṣàbí gbé láílọ́ọ̀nù náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ yín o." Ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Dúrótoyè pe Dókítà Ìtẹ́olúwa, obìnrin tó ń tọ́jú ẹran ní Iyana Iyesi. Májèlé ni ó fẹ́ kó bá òun wá rí. Dókítà tú láílọ́ọ̀nù náà wò, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ìmísí, ìtàkùn ọ̀dùnkún lásán ni." Ó wo oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ bóyá ó ti bu, ó yẹ akọ wò, kò rí àléébù. Ó wá béèrè pé, "Lọ́jọ́ tí wọ́n bí àwọn abo wọ̀nyí, ta ló tọ́jú wọn?"

"Èmi ni. Ọ̀sẹ̀ tí a sin ìyàwó mi ni. Mo ń bẹ̀rù kí ìyá wọn má sùn lé wọn, mo bá kó wọn sínú páálí, mo tan gílóòbù sí wọn, mo fún wọn ní omi glúkóòsì àti mílíìkì agolo. Ọjọ́ kejì ni mo dá wọn padà."

"Wàrà àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Èyí tó pọ́n, tó ki yẹn? Mo fún un dànù. Màmá mi ní ìdọ̀tí ni."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ìdọ̀tí kọ́, sà. Òun ni àjẹsára tí ìyá ń fún ọmọ. Ó tún ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá bí abo ẹlẹ́dẹ̀, ilé-ọmọ inú rẹ̀ kò tíì dàgbà tán. Ohun kan wà nínú wàrà yẹn tó ń mú un dàgbà bó ṣe yẹ. Àwọn onímọ̀ rí i pé abo tí kò mu ún tó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ sábà máa ń bí ọmọ díẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i, ì báà sanra bí àpò ìrẹsì."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n mo ti wo ìyókù, mi ò rí nǹkan kan."

"Kí wá ni oògùn rẹ̀?"

"Kò sí. Àsìkò ẹ̀ ti kọjá. Ẹ tà wọ́n fún alápatà, ẹ má fi wọ́n ṣe ìyá mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ de igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri kí àwọn ọmọ lè ríbi sá sí bí ìyá wọn bá fẹ́ dùbúlẹ̀, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n. Kí gbogbo wọn mu ọmú ìyá wọn láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bá dáyé. Èyí tó bá kéré, ọmú iwájú ni kí ẹ gbé e sí, ibẹ̀ ni wàrà ti pọ̀ jù."

Dúrótoyè rántí Àṣàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí náà lọ́sẹ̀ ìsìnkú, tí ojú rẹ̀ wú fún ẹkún: "Bùrọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi kì í kó wọn kúrò. Ìdí ọmú ló máa ń gbé wọn sí." Ó sì rántí èsì tí òun fún un: "Ṣé ìwọ lo ni wọ́n ni?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ bá a nílé rẹ̀ ní Joju. "Àṣàbí, mo wá túúbá."

Àṣàbí wò ó títí. "Ṣé kí n ṣì jẹ ìtàkùn náà?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Lẹ́yìn tí wọ́n já ọmọ méjì yẹn lẹ́nu ọmú, àwọn ọ̀dọ́ abo náà lọ sọ́dọ̀ alápatà. Ìyá arúgbó nìkan ló kù nínú àwọn abo àgbà, tòun ti oyún tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkẹyìn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran, kí ẹ tó na ìka sí ará ilé yín, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bí ẹran náà. Ẹ má fún wàrà àkọ́kọ́ dànù mọ́. Tí nǹkan bá rú yín lójú, dókítà ẹran ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ìfura kì í wo ẹran sàn, ẹbí ló ń tú ká.

Nígbà tí ìyá arúgbó náà ń rọbí, Dúrótoyè gbé àpótí tí Olúwafúnmiláyọ̀ máa ń jókòó lé jáde. Àṣàbí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ kan bọ́ sílẹ̀, abo ni, ó kéré púpọ̀. Dúrótoyè fi àkísà ìró aya rẹ̀ nù ún.

"Èyí, tìẹ ni," ó wí fún Àṣàbí.

Ó sì gbé e sí ọmú iwájú, ó fi ọwọ́ gbé orí rẹ̀ ró títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mu, bí Olúwafúnmiláyọ̀ ti máa ń ṣe.