Fìlà Ìyá Àgbà Ọmọ Ọdún Mẹ́rin

"Ẹ fọkàn balẹ̀, orí ọkọ yín wà nínú ìwé mi," ni aránfìlà wí fún nọ́ọ̀sì tó wá rán fìlà. Ó na ìwé ìwọ̀n orí àwọn oníbàárà rẹ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ta ni Ìyá Àgbà? Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ínǹṣì ogún àti ààbọ̀ lorí wọn. Lọ́dún tó kọjá, mọ́kànlélógún. Ní báyìí, ó tún ti fi ààbọ̀ lé e. Ṣé arúgbó yín ṣì ń dàgbà ni?"

"Arúgbó kẹ̀! Ọmọ mi ni. Ìyá Àgbà, máa bọ̀!"

Ọmọbìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn máṣíìnì, ó dì mọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ga tó ọmọ ọdún méje. Iwájú orí rẹ̀ fẹ̀, ojú rẹ̀ gùn, àgbọ̀n rẹ̀ sì rí ṣóṣóró.

"Ọdún mẹ́rin péré," ni ìyá rẹ̀ wí láti ìdí áyọ́ọ̀nù. "Bó ṣe tóbi nígbà tí mo bí i ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Àmọ́ gíga lásán ni! Kò tètè rìn, ọ̀rọ̀ ò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, bó bá sáré díẹ̀, á ṣubú."

"Ọ̀lẹ ni!" ni bàbá wí. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mò ń mú un lọ sí kíláàsì àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo ti wá pàṣán fún olùkọ́."

Nọ́ọ̀sì pa ìwé dé. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pàṣán yẹn sílẹ̀. Ìwé yìí ni kẹ́ ẹ mú lọ bá dókítà. Ọmọ tó tóbi látìgbà ìbí, tórí ẹ̀ tóbi, tó ń ga ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, tára ẹ̀ rọ̀, tọ́rọ̀ sísọ àti ẹ̀kọ́ sì ń pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́ lórí, nǹkan kékeré kan lè ti yí padà nínú ètò tí ara ẹ̀ fi ń dàgbà."

Omi lé sójú ìyá. "Ṣé èmi ni mo fà á?"

"Rárá o! Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ jẹ tàbí tẹ́ ẹ ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara ọmọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sí lára òbí."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọsibítù ni wọ́n gbà lọ. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ó yẹ ọkàn, kíndìnrín àti eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó béèrè bóyá gìrì máa ń mú un. Nígbà tí èsì dé, ó sọ orúkọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà fún wọn: Sotos. Kò sí oògùn tó lè mú un kúrò, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ wà. Ẹnì kan ń kọ́ ọmọ náà ní ọ̀rọ̀ sísọ, ẹlòmíràn ń fi eré fún iṣan rẹ̀ lókun, ó sì wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé.

Inú bàbá dùn, ojú sì tì í. Ó rán fìlà kan fún ọmọ náà, ó fi òwú pupa kọ ọ́ síwájú pé: "Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí."

Lẹ́nu géètì ilé ìwé, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ọmọ náà: "Àgbà yìí, o ò mọ èèyàn kí ni?" Ó ka fìlà náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

"Ẹ káàárọ̀!" ni Ìyá Àgbà dáhùn ketekete. Bàbá rẹ̀ fò sókè fún ayọ̀ láàárín ọ̀nà.

Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe gbogbo ọmọ gíga ló ní irú èyí. Àmọ́ bí ọmọ yín bá ń ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí ìrìn, ọ̀rọ̀ tàbí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ń fà sẹ́yìn, ẹ má nà án, ẹ má pè é ní olódo. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tépù lè wọn orí ọmọ. Kò lè wọn ọjọ́ orí rẹ̀.