Ohùn Màmá Lórí Ìtàgé

Lẹ́yìn ìtàgé, bàbá ń yí okùn gìtá rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ bóyá ó ti dọ́gba. Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sórí àpótí ẹ̀rọ, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Gbọ̀ngàn ti kún. Ó ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń fa àga tí wọ́n sì ń bá ara wọn ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bà á, inú rẹ̀ kò sì dùn. Bí wọ́n bá ní kó dìde, á dìde. Bí wọ́n bá ní kó jókòó, ó ti jókòó náà nìyẹn.

Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ló ti rí báyìí. Kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn ẹbí sì ń yìn ín pé ọmọ tó lọ́kàn akin ni. Ọkàn akin wo? Ọmọ náà kò kàn mọ nǹkan kan lára mọ́ ni. Ìyá rẹ̀ ló ń kọrin fún ẹgbẹ́ olórin wọn. Bàbá ń ta gìtá, onílù kan tó jẹ́ ará Íńdíà sì ń fi ìka lu ìlù kékeré méjì tó máa ń gbé síwájú bí ẹni tó fẹ́ jẹun. Orin àbáláyé Áfíríkà àti ti Íńdíà ni wọ́n ń pò pọ̀, ó sì mọ́ wọn lára débi pé èèyàn kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ní báyìí, ọmọ ni wọ́n ní kó gba ipò ìyá. Bàbá sì ti sọ ọ́ láìfi bò pé bí eré òní bá bàjẹ́, òun á gbé gìtá kọ́, òun kò ní ta á mọ́.

Ohùn ọmọ kọ̀, kò jáde. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń fi orin tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ dánra wò, ńṣe ló máa ń sọ pé ọ̀fun ń dun òun. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tọ́jú sípíkà àti máìkì. Ariwo ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn lè bá a gbélé látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kó má gbọ́ ohùn rẹ̀. Òun ló gba ohùn ìyá wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan tí ìyá ń fi orin dánra wò.

“Bọ̀dá mi, ẹ bá mi fi ohùn Màmá tí ẹ gbà sílẹ̀ sí sípíkà. Èmi á kàn máa la ẹnu.”

Ariwo ní kò dáa. Ó ní òun kò tíì lè gbọ́ ọ dé òpin láti ọjọ́ tí Màmá ti lọ. Ọmọ náà kò jiyàn. Ó kàn sọ pé bí òun bá dákẹ́ lórí ìtàgé, gìtá Bàbá ti parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú Ariwo gbà. Kò sí ẹni tó ronú nínú àwọn méjèèjì pé ó yẹ kí àwọn kọ́kọ́ sọ fún Bàbá.

Orin méjì àkọ́kọ́ kò ní ohùn nínú, wọ́n sì lọ geere. Ó wá kan orin ìyá. Nínú orin yìí, onílù á máa dárà bó ṣe wù ú, á máa wo ẹnu akọrin, títí akọrin á fi fa èémí sínú. Ìgbà yẹn ni á tó dá ìlù padà sí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kí orin lè wọlé. Ìyá máa ń fi í ṣeré, á dúró títí onílù á fi máa làágùn. Ẹ̀rọ kò mọ irú eré bẹ́ẹ̀.

Àárín dídárà ni onílù ṣì wà nígbà tí ohùn ìyá bú jáde. Ọmọ la ẹnu. Ìlù ń lọ sọ́tùn-ún, orin ń lọ sósì. Onílù sáré títí, kò bá a. Gìtá sì dákẹ́. Nígbà tí ọmọ wẹ̀yìn, ó rí bàbá rẹ̀ tó ti gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn, tó ń wo sípíkà bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Lójijì, ohùn náà dá orin dúró. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sí etí gbogbo gbọ̀ngàn: “Baba Ariwo, ẹ dúró dè mí ná. Mo ti ṣì í kọ.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó wà nínú eré. Ariwo pa ẹ̀rọ. Ìgbà náà ni gbogbo èèyàn rí i pé ẹnu ọmọ náà ṣì là sílẹ̀, tí ohunkóhun kò jáde níbẹ̀.

Bàbá tọ̀ ọ́ wá. “Ṣé o ò lè kọ ọ́ ni?”

“Mi ò lè kọ ọ́, Bàbá. Mi ò mọ nǹkan kan lára mọ́. Ẹ ní ẹ máa gbé gìtá kọ́.”

Bàbá ní: “Ara tèmi náà ti kú látìgbà yẹn. Ìka mi ló kàn ń ta gìtá. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún yín.”

Ó gba máìkì, ó sọ fún àwọn èèyàn pé ohùn ìyàwó òun tó ti kú ni wọ́n gbọ́ yẹn, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, kò ní sí akọrin lónìí. Àwọn kan dìde, wọ́n ń kùn pé wọ́n tan àwọn jẹ. Ta ló máa bá wọn wí? Àwọn tó kù jókòó. Bàbá fa àga kan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó ní kí ọmọ jókòó ti òun, kó má kọrin. Wọ́n tún orin náà bẹ̀rẹ̀ láìsí ohùn. Ọmọ kò sunkún. Ṣùgbọ́n bí bàbá ṣe ń ta gìtá, ìgúnpá rẹ̀ ń kan ọmọ léjìká, ọmọ sì mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn tó ni gbọ̀ngàn kò pè wọ́n mọ́. Bàbá gbé gìtá kọ́ fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́, ilé kò sì wó. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá ń jókòó pọ̀ nínú pálọ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìyá. Ohun tí ọmọ náà kọ́ nìyí: bí ìbànújẹ́ bá gba ohùn lẹ́nu rẹ, má ṣe yá ohùn ẹlòmíràn láti fi bò ó. Sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń ṣọ̀fọ̀, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun kan náà ni òun náà ń fi pamọ́ fún ọ.