Aṣọ Kẹjọ

“Wọ́n ní aṣọ obìnrin ni…”

“Nínú ọkọ̀ ẹ̀?”

“Nínú ọkọ̀ ẹ̀ mà ni! Pupa fòò, ó tún ní léèsì létí. Ọmọ ẹ̀ gan-an ló figbe ta…”

“Ọmọ bíbí inú ẹ̀! Ìyàwó ńkọ́?”

“Kò sí nílé. Ṣé ẹ ò rí i pé ìgbà tí kò sí nílé gan-an ni… Ẹ jẹ́ n pa ẹnu mi mọ́. Ẹnu tèmi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ o.”

Ọmọ tó figbe ta náà wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan níta. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ẹnjiníà ni bàbá rẹ̀ ń pè é láti ọjọ́ tó ti tú rédíò ilé palẹ̀ kó lè mọ ibi tí ẹni tó ń ka ìròyìn jókòó sí, gbogbo àdúgbò sì ti bá bàbá rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kò rí i. Ìyá oníbúrẹ́dì ń wé búrẹ́dì tí ẹnikẹ́ni kò rà. Bábà òdìkejì ti fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì orí ní gígẹ̀. Télọ̀ tí ògiri ilé rẹ̀ fara kan ti ilé Ẹnjiníà ló ń sọ̀rọ̀ jù.

Ẹnjiníà yí padà láì ra búrẹ́dì. Ó mọ bí aṣọ náà ṣe dé inú ọkọ̀. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n, bàbá rẹ̀ sì ti ṣèlérí pé òun ò ní sọ.

Jíìpù ni ọkọ̀ náà, ńlá gbàǹgbà. Ọ̀gá tí bàbá rẹ̀ wa ọkọ̀ fún fún ogún ọdún ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì. Àga rẹ̀ rọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì ilé wọn lọ. Ó ní bọ́tìnnì tó ń mú ìdí gbóná, ó ní èyí tó ń mú un tutù. Sùúrù nìkan ni kò ní. Bí wọ́n bá ti wà á dé ìyànà kẹta, ooru funfun á máa rú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ àdúgbò á sì máa sá tẹ̀ lé e: “Ìkòkò ti hó o! Ẹ da ìrẹsì sí i!” Bí jíìpù olówó iyebíye ṣe di Ìkòkò nìyẹn.

Mẹkáníìkì tó wò ó ní àwọn páìpù ike tó ń gbé omi gba àárín ẹ́ńjìnì kọjá ló ti gbó. “Ike ni wọ́n, ààrin iná ni wọ́n sì ń gbé,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ ká fi alumíníọ̀mù rọ́pò wọn.” Ó wá dárúkọ owó iṣẹ́. Bàbá ní kó tún un pè, bóyá nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ló ń kà fún òun. Nígbà tó tún un pè tí kò yí padà, Bàbá dúpẹ́, ó ra páìpù nìkan, ó ní ilé lòun ti máa ṣe é.

Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́-abẹ ni ìyá Ẹnjiníà. Ọjọ́ Ẹtì tó ń lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta nílùú mìíràn, ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣàlàyé pé bí àwọn bá ti gbé àpótí tó ń pín atẹ́gùn kúrò lórí ẹ́ńjìnì, ihò mẹ́jọ ló máa ṣí sílẹ̀, ohunkóhun kò sì gbọ́dọ̀ já sínú wọn. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó wọ yàrá, ó mú gáùn pupa rẹ̀ àtijọ́ jáde, ó sì gé e sí ọ̀nà mẹ́jọ.

“Ihò mẹ́jọ, aṣọ mẹ́jọ. Ẹ kà á wọlé, ẹ kà á jáde, kí ẹ sì pariwo kà á. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í rán ikùn aláìsàn pa láì tíì ka aṣọ.” Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìwọ ni kí o máa kà á.”

“Kékeré nìyẹn, Màmá.”

“Kékeré kọ́.” Ó nawọ́ sí ara fíríìjì, níbi tí fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ti wà láti oṣù tó kọjá, tí ààyè ìfọwọ́sí òbí ṣì ṣófo. “O ní iṣẹ́ ẹ̀rọ lo fẹ́ kọ́. Èmi ní ọkàn rẹ kì í dúró sójú kan. Bí mo bá dé tí iṣẹ́ yìí lọ bó ṣe yẹ, mo fọwọ́ sí i. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan o.”

Ní òwúrọ̀ Sátidé, bí ẹni ń ṣe ìdánwò ni Ẹnjiníà fi bẹ̀rẹ̀. Ó ki aṣọ bọ ihò kọ̀ọ̀kan, ó ń ké e sókè: “Ení! Èjì! Ẹ̀ta!” títí ó fi dé ẹ̀jọ. Bàbá fọwọ́ kan páìpù ike àtijọ́, ó wó bí bisikíìtì. Ó mú ẹ̀mú ẹlẹ́nu gígùn, ó ń he àfọ́kù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń yọ eyín ọmọdé: “Jáde, ọmọ dáadáa. Jáde, má ṣe mí báyìí.” Páìpù alumíníọ̀mù wá wọlé geere, ó ń dán yanran. Bàbá wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó tún irùngbọ̀n ṣe.

Ọ̀sán pọ́n. Bàbá ti wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ de rọ́bà ìsàlẹ̀ nígbà tó ké pe ọmọ rẹ̀: “Ẹnjiníà, yọ àwọn aṣọ yẹn. Kà á o!”

“Ení,” ni Ẹnjiníà wí. “Èjì. Ẹ̀ta.”

Fóònù rẹ̀ dún. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni, àwọn ọkùnrin tó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó máa gbàgbé sípánà sínú ọkọ̀. Ó gbé fóònù sókè kí wọ́n lè rí i, ó gbé sípánà lé èjìká bí sójà gbé ìbọn. “Ẹ̀yin aláìgbàgbọ́, ẹ wá wo iṣẹ́!” Ọwọ́ kan ló fi ń fi ẹ́ńjìnì hàn wọ́n, ọwọ́ kejì ló fi ń yọ aṣọ, ó ń jù wọ́n sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó wà ní ihò ìgbẹ̀yìn ti wọnú ju àwọn yòókù lọ. Kò rí i.

“Ṣé ó pé?” Ohùn Bàbá wá láti abẹ́ ọkọ̀.

“Ó pé, Bàbá.”

Wọ́n dá àpótí atẹ́gùn padà, wọ́n dè é ní nọ́ọ̀tì-nọ́ọ̀tì, wọ́n bu omi sí rèdíétọ̀. Bàbá fọ ọwọ́, ó jókòó sórí àga awọ, ó tún dígí ṣe bí ẹni tó fẹ́ gbé ọba. Ẹnjiníà ń kó aṣọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti lọ fọ̀ wọ́n. Méje. Ó gbọn wọ́n wò. Méje. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó wo inú àpò ṣòkòtò ara rẹ̀.

Bóyá atẹ́gùn ló gbé ọ̀kan lọ. Bí ó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Bàbá kò ní mọ̀. Màmá kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì yóò mọ̀. Bàbá ti di kọ́kọ́rọ́ mú.

“Ẹ dúró, Bàbá! Ẹ má ṣíná sí i! Aṣọ wà nínú ẹ̀!”

Igbe náà le débi pé ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún lẹ́yìn ògiri dákẹ́ wọ́ọ́. Bàbá ju kọ́kọ́rọ́ nù bí ẹni tó bá àkéekèé lórí ẹ̀.

Wọ́n tún tú gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Bàbá fi ẹ̀mú fa aṣọ kẹjọ jáde, léèsì ọrùn gáùn ló kọ́kọ́ yọ, ó ń fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni orí télọ̀ yọ lókè ògiri. Bọ́nẹ́ẹ̀tì bo ẹ́ńjìnì mọ́ ọn lójú. Ọkùnrin tó ń fa léèsì pupa jáde nínú ọkọ̀ nìkan ló rí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni ó wí, orí rẹ̀ sì wọlẹ̀ kíákíá. Wọ́n gbọ́ bí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dúró lé ṣe yí gbirigbiri lọ.

Ẹnjiníà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má sọ fún Màmá. Fọ́ọ̀mù yẹn… ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbà á mọ.”

Bàbá nu ọwọ́ fún ìgbà pípẹ́. “Kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ìwọ lo ni ẹnu rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ gbé mì yìí, ó ní egungun.”

Wọ́n wa Ìkòkò yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò hó. Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé e títí, wọ́n bínú padà sílé.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni Ẹnjiníà lọ bá ọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì. Nígbà tó fi máa sáré délé, ìyá rẹ̀ ti dé. Ó dúró láàárín pálọ̀, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀.

“Láti ibùdókọ̀ ni wọ́n ti ń kí mi kú ìfaradà,” ni ó ń sọ fún ọkọ rẹ̀. “Mo rò pé ẹ ti kú ni.”

“Mi ò kú.”

“Mo ti rí i. Kò tíì pẹ́ jù o. Aṣọ ta ni wọ́n bá nínú ọkọ̀?”

“Aṣọ rẹ ni.”

“Aṣọ mi? Èmi wà nílùú onílùú, aṣọ mi ń gun jíìpù kiri?”

“Kò gun àga. Inú ẹ́ńjìnì ló wà.”

“Ó yé mi. Obìnrin náà ń gbé inú ẹ́ńjìnì. Ta ló gbé aṣọ síbẹ̀ tó fi í sílẹ̀?”

Bàbá wo àjà ilé. “Mi ò lè sọ. Mo ti ṣèlérí.”

“Fún ta?”

“Ìyẹn náà wà nínú ìlérí ọ̀hún.”

“Hẹ̀n-ẹ́n!” ni télọ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà. Ó gbé gáùn kan lọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò fi rán. “Mo kàn ń kọjá lọ ni.”

Òógùn bo iwájú orí Bàbá. Kò wo ọmọ rẹ̀ rárá. Ìyẹn ló dun Ẹnjiníà jù: bàbá rẹ̀ ń ṣọ́ra kí ojú òun má baà tú u fó. Ó wo fọ́ọ̀mù lára fíríìjì. Ó wo ọkùnrin tó fi ogún ọdún wa ọkọ̀ láìsí àbùkù, tí bábà àti oníbúrẹ́dì wá ń pín orúkọ rẹ̀ jẹ.

“Èmi ni, Màmá. Aṣọ kẹjọ tí ẹ gé ni. Èmi ni mo fi sílẹ̀.”

Ó rò ó láti orí dé ìdí, títí kan fóònù. Màmá na ọwọ́. Ẹnjiníà gbé fóònù lé e.

“Ti ìgbàgbé kọ́ ló dùn mí,” ni Màmá wí. “Àwa náà ń gbàgbé, ìdí nìyẹn tí a fi ń kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ó pé nígbà tí kò mọ̀ bóyá ó pé, ó ti fọ́ ojú ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí o ò bá mọ̀, ní o ò mọ̀. Irọ́ tí kò ju ìka lọ lo sọ. Wo ibi tó gbé bàbá rẹ dé.”

“Èmi náà ò sọ púpọ̀,” ni télọ̀ wí.

“Ẹ ò rí púpọ̀ náà.”

“Ẹ má bínú. Màá lọ bá wọn sọ pé ọ̀rọ̀ ti yanjú.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá tún gbé e jáde, ó máa bí ìbejì lójú ọ̀nà. Ẹnu tó ní ó pé ló máa lọ sọ ọ́.” Màmá já fọ́ọ̀mù kúrò lára fíríìjì, ó fi sínú báàgì, ó wá bíírò, ó fi òun náà sí i. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe. “Ó yá, gbogbo wa.”

Ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ti kún sí i. Oníbàárà bábà ti wá bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí Bàbá, oníkálukú wá ohun tó ń wò. Ẹnjiníà wọlé ṣáájú. Ó wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ dúró, báàgì lábẹ́ apá, kò ràn án lọ́wọ́.

“Aṣọ màmá mi ni,” ni ó wí. “Èyí tí a fi dí ihò ẹ́ńjìnì ni. Bàbá mi ò ṣe nǹkan kan.”

“Ṣé o ò wá pariwo pé aṣọ wà nínú ọkọ̀ ni?” ni ìyá oníbúrẹ́dì béèrè.

“Mo pariwo, Mà. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló bà á jẹ́. Ohun tí mo ti sọ ṣáájú ni.”

“Kí lo sọ?”

“Aṣọ mẹ́jọ ló yẹ kí n kà jáde. Ẹ̀ta ni mo kà dé, mo bá ń fi fóònù ṣe fáàrí. Bàbá mi wà lábẹ́ ọkọ̀. Wọ́n bi mí pé, ‘Ṣé ó pé?’ Mo ní, ‘Ó pé, Bàbá.’”

Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣí báàgì, ó mú bíírò jáde.